Orúkọ iléeṣẹ́ ló wà níbẹ̀, àmọ́ àpò ta ni owó ti jáde?

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ó fẹ́ dá 50 dọ́là fún ẹnì kan tó ń díje dupò aṣojú-ṣòfin lágbègbè wọn. Ó ti kọ orúkọ rẹ̀, ó ti kọ àdírẹ́sì, ó ti tẹ nọ́ńbà káàdì báǹkì rẹ̀ sí i, kí fọ́ọ̀mù náà tó wá bi í ní ohun méjì tí kò retí: níbo lo ti ń ṣiṣẹ́, irú iṣẹ́ wo lo sì ń ṣe? Ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "kí ló kan ọsibítù wa nínú owó òógùn mi? Ṣé àwọn èèyàn ò ní rò pé àwọn ló rán mi níṣẹ́? Ṣé àwọn fúnra wọn ò sì ní torí ẹ̀ máa wá ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀?"

Mo ní kó má tíì tẹ nǹkan kan, kó jẹ́ kí n ro ó dáadáa. Ìbéèrè méjèèjì ló nídìí. Nínú ọ̀rọ̀ owó òṣèlú Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ agbanisíṣẹ́ yìí wà lára ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù, ó sì tún wà lára ohun tó ń tú àṣírí àwọn oníjìbìtì jù.

Ẹni tó bá ti lọ síbi láńṣìn rí nílé wa á tètè lóye ohun tí mò ń sọ. Èmsíì á gba gbohùngbohùn, á ké tantan: "Ẹ bá wa kí Ẹnjiníà Lágbájá láti iléeṣẹ́ elépo! 200,000 náírà!" Àtẹ́wọ́ á dún. Nígbà tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn bá délé, ohun tó máa sọ fún ará ilé rẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ elépo dáwó fún ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ ò gbọ́, iléeṣẹ́ ò mọ̀. Owó oṣù Ẹnjiníà ni, ó sì lè jẹ́ owó tó yẹ kó fi san owó ilé ìwé ọmọ ni.

Bó ṣe ń rí ní Amẹ́ríkà nìyẹn nígbàkígbà tí ìdìbò bá ń bọ̀. Ẹ máa kà á pé "Google fún Obama lówó", pé "báǹkì báyìí ló ń bọ́ ẹgbẹ́ báyìí". Lọ́dún 2008, nínú àkójọ tí OpenSecrets, àjọ kan tó ń tọpinpin owó òṣèlú Amẹ́ríkà, ṣe, owó tó lé ní 800,000 dọ́là ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Google lára àwọn tó dáwó fún Barack Obama. Ẹ wo ẹni tó wà lókè pátápátá nínú àkójọ yẹn: Yunifásítì California. Yunifásítì ìjọba ni! Kò lè fún olùdíje kankan ní kọ́bọ̀. Àwọn olùkọ́, dókítà, akọ̀wé àti olùtọ́jú ilé ìkàwé ibẹ̀ ló dáwó lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kọ ibi iṣẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe ní kí wọ́n kọ ọ́, tí ẹlòmíràn wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. OpenSecrets fúnra wọn máa ń kọ ọ́ sábẹ́ irú àkójọ bẹ́ẹ̀ pé kì í ṣe iléeṣẹ́ ló dá owó náà, pé àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ẹbí wọn àti àpò PAC, ìyẹn àpò òṣèlú tí iléeṣẹ́ lè dá sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ni. Àmọ́ ta ló ń ka ìlà tó wà nísàlẹ̀?

Ohun tí òfin sọ ni pé, bí owó tí ẹnì kan dá fún olùdíje kan bá ti kọjá 200 dọ́là láàárín sáà ìdìbò kan, ìpolongo náà gbọ́dọ̀ fi orúkọ onítọ̀hún, iṣẹ́ rẹ̀ àti agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí FEC, àjọ tó ń mójú tó owó ìdìbò àpapọ̀. FEC á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Àbúrò mi ní 50 dọ́là òun kò tó iye yẹn. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdáwó orí fóònù lóde òní ló ń gba ọ̀dọ̀ agbowó kan kọjá, ActBlue fún ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat, WinRed fún ẹgbẹ́ Republican, àwọn yẹn sì máa ń to orúkọ àwọn olùdáwó wọn sínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, títí kan ẹni tó dá 5 dọ́là.

Ọdún 1979 ni wọ́n ti gbé ààlà 200 dọ́là yẹn kalẹ̀, wọn ò sì tíì yí i padà. Ohun tí 200 dọ́là rà nígbà yẹn, yóò gba ju 800 dọ́là lọ lónìí. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí. Iye tó pọ̀ jù tí ẹnì kan lè fún olùdíje kan jẹ́ 1,000 dọ́là fún ìdìbò kan nínú òfin ọdún 1974. Lọ́dún 2002 wọ́n sọ ọ́ di 2,000, wọ́n sì ní kó máa gòkè bí ọjà bá ṣe ń gbówó lórí. Fún ìdìbò ọdún 2025 sí 2026, ó ti di 3,500 dọ́là, èyí tó túmọ̀ sí 7,000 fún ẹni tó bá dá ti ìdìbò abẹ́lé àti ti gbogbogbò pọ̀. Wọ́n rántí olówó tó fẹ́ dá sí i. Wọn ò rántí nọ́ọ̀sì tí kò fẹ́ kí gbogbo ayé mọ ẹni tó ń tì lẹ́yìn. Ó yẹ kí ààlà 200 dọ́là náà gòkè. Ìdáwó kékeré kò lè ra olóṣèlú kankan, kò sì sí àṣírí kankan níbẹ̀ tó yẹ kí aráyé máa wá.

Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ibi iṣẹ́ ti pẹ́. Lọ́dún 1905, ìwádìí kan ní New York tú u síta pé iléeṣẹ́ adójútòfò New York Life ti gbé owó tó lé ní 48,000 dọ́là sílẹ̀ fún ìpolongo Ààrẹ Theodore Roosevelt lọ́dún 1904. Owó ta ni? Owó àwọn bàbá tó ń san díẹ̀díẹ̀ kí ìyàwó àti ọmọ wọn má bàa ṣagbe bí àwọn bá kú. Inú bí aráàlú. Ní January 1907, wọ́n ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Tillman Act: iléeṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ mú owó láti inú àpò rẹ̀ fún ẹni tó ń díje sípò ìjọba àpapọ̀. Òfin náà ṣì dúró. Ìdájọ́ Citizens United tí ilé ẹjọ́ tó ga jù gbé kalẹ̀ ní January 2010, tí àwọn èèyàn ń sọ pé ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀, kò fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó jẹ́ kí iléeṣẹ́ lè ná iye tó bá wù ú lórí ìpolówó tirẹ̀ láìbá olùdíje gbìmọ̀ pọ̀, àmọ́ kò jẹ́ kó gbé owó lé olùdíje lọ́wọ́.

Nígbà tí ọ̀nà iwájú wá dí, àwọn ọ̀gá kan bojú wo ẹ̀yìn, wọ́n rí àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Òṣìṣẹ́ ní orúkọ, ó ní ẹ̀tọ́ láti dáwó, òfin kò sì dí i lọ́wọ́. Bí a bá fún un lówó kó fi dá a ńkọ́?

George Steinbrenner, ẹni tó ni ẹgbẹ́ baseball New York Yankees, ló ń darí iléeṣẹ́ kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, American Ship Building. Nígbà ìpolongo Ààrẹ Nixon lọ́dún 1972, wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ ní àjẹmọ́nú tí kò nídìí, àwọn òṣìṣẹ́ náà sì kọ ṣẹ́ẹ̀kì lórúkọ ara wọn fún ìpolongo. Lójú ìwé, àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ràn Nixon ni wọ́n. Àṣírí tú nígbà Watergate, ọ̀rọ̀ ìwà ìbàjẹ́ tó lé Nixon kúrò nípò ààrẹ, Steinbrenner gbà ní August 1974 pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì ní kó san 15,000 dọ́là owó ìtanràn. Ààrẹ Reagan foríjì í ní January 1989.

Ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn ìpolongo Nixon yẹn, ẹlòmíràn tún ṣe é. Ní Nevada, lọ́dún 2007, Harvey Whittemore, agbẹjọ́rò tó tún ń ṣòwò ilẹ̀, ti ṣèlérí owó ńlá fún ìpolongo Sẹ́nétọ̀ Harry Reid. Òun nìkan kò lè dá a, nítorí 4,600 dọ́là ni ẹnì kan lè dá nígbà náà. Ó wá fi owó ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àtàwọn ẹbí rẹ̀, ó pè é ní ẹ̀bùn àti àjẹmọ́nú, ó sì ní kí wọ́n fi dáwó lórúkọ ara wọn. Iye tó gba ọ̀nà yẹn kọjá lé ní 130,000 dọ́là. Wọn kò fi ẹ̀sùn kan Reid. Whittemore ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì lọ́dún 2013.

Àwọn òṣìṣẹ́ inú ìtàn yìí ló ń ká mi lára jù. Ẹ fi ara yín sípò ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀gá pè ọ́ wọlé láàárọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Ó wá ní owó díẹ̀ ń bọ̀ wá sínú àkáǹtì rẹ, pé kó o kàn bá òun kọ ṣẹ́ẹ̀kì kan. Kò halẹ̀ mọ́ ọ. Kò sí ìdí tó fi máa halẹ̀: ìwọ náà mọ ẹni tó ń fọwọ́ sí owó oṣù rẹ. Ṣé o máa sọ pé rárá? Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá àpapọ̀ bá kan ilẹ̀kùn, orúkọ tìrẹ ni wọ́n máa bá nínú ìwé FEC. Òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáwó lórúkọ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà kò sì gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yá a lórúkọ. Nítorí náà ẹ̀rù tó bá òṣìṣẹ́ yẹn nínú ọ́fíìsì lè wá di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Ìwà ìkà gbáà ni kí ọ̀gá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí, mi ò sì mọ orúkọ tó rọjú tí mo lè pè é.

Ti iléeṣẹ́ owó kírípítò FTX ló pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà ìdìbò ọdún 2022, ọ̀gá kan níbẹ̀, Nishad Singh, ń dáwó fún àwọn Democrat. Ọ̀gá kejì, Ryan Salame, ń dá tiẹ̀ fún àwọn Republican, tirẹ̀ nìkan sì lé ní 20 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó bá ń wo ìwé FEC nígbà náà á rò pé ọ̀rẹ́ méjì tí ọ̀rọ̀ òṣèlú wọn kò bára mu ni. Lẹ́yìn tí FTX wó ní November 2022 ni àwọn agbẹjọ́rò ìjọba sọ pé ibì kan náà ni owó méjèèjì ti ń jáde, títí dé owó tí àwọn oníbàárà kó síbẹ̀ fún ìpamọ́. Àwọn méjèèjì gbà lọ́dún 2023 pé àwọn jẹ̀bi ẹ̀sùn tó kan owó ìpolongo. Ní May 2024, wọ́n ju Salame sẹ́wọ̀n ọdún méje àbọ̀ fún ìyẹn àti fún ẹ̀sùn mìíràn tó kan òwò fífi owó ránṣẹ́ láìgbàwé àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ náà dé Èkó. Ẹni tó bá gba Victoria Island kọjá ti rí Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi yanrìn kọ́ sójú òkun. Gilbert Chagoury, tí wọ́n bí ní Èkó fún òbí ará Lẹ́bánónì, wà lára àwọn tó ni iléeṣẹ́ tó ń kọ́ ọ. Òfin Amẹ́ríkà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àjèjì tí kì í ṣe ọmọ ìlú tí kò sì ní káàdì ìgbélùú. Àmọ́ láàárín June 2012 sí March 2016, nǹkan bí 180,000 dọ́là tirẹ̀ dé ọwọ́ olùdíje mẹ́rin lórúkọ àwọn ẹlòmíràn. Ní March 2021, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ó ti gbà láti san 1.8 mílíọ̀nù dọ́là kí wọ́n má bàa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Jeff Fortenberry, aṣojú-ṣòfin Nebraska tó wà lára àwọn tí owó náà kàn, fi ipò sílẹ̀ lọ́dún 2022 lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní ó purọ́ fún àwọn olùwádìí. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà ní December 2023, nítorí pé kì í ṣe California ló yẹ kí wọ́n ti ṣẹjọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà tó ń kà mí á sì rántí August 2008, nígbà tí wọ́n pe àsè ńlá ní Èkó lórúkọ Obama, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ndi Okereke-Onyiuke, adarí ọjà ìpín ìdókòwò wa nígbà náà, wà nídìí rẹ̀, tí àwọn èèyàn sì fowó gọbọi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdùnnú ló gbé e dé, mi ò ní bú ẹnikẹ́ni tó lọ. Àmọ́ ìpolongo Obama ní àwọn kò mọ̀ nípa rẹ̀, àwọn kò sì lè gba irú owó bẹ́ẹ̀. EFCC sì tọpinpin ọ̀rọ̀ náà.

Gbogbo èyí ni ìdáhùn mi sí "kí ló kan ọsibítù wa". Bí ogún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan, tó fi mọ́ àwọn tí owó oṣù wọn kéré, bá dá iye tó pọ̀ jù lọ́jọ́ kan náà fún olùdíje kan náà, ibi tí wọ́n kọ orúkọ agbanisíṣẹ́ sí yẹn ni oníròyìn máa kọ́kọ́ tẹjú mọ́. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, orúkọ lásán ló máa kù, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ọ́fíìsì kan náà ni gbogbo wọn ti ń jáde.

Ìbéèrè rẹ̀ kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé wọ́n lè torí ẹ̀ lé èèyàn níbi iṣẹ́?

Brendan Eich ló ṣẹ̀dá JavaScript, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lọ́dún 1995, ó sì wà lára àwọn tó dá Mozilla sílẹ̀, iléeṣẹ́ tó ṣe Firefox tí àwọn èèyàn fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2008, ó dá 1,000 dọ́là fún àwọn tó ń ti Proposition 8 lẹ́yìn ní California, àbá tó fẹ́ kí ìgbéyàwó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin nìkan. Òfin ìpínlẹ̀ yẹn náà ń béèrè ibi iṣẹ́, nítorí náà "Mozilla" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní March 24, 2014, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà. Inú bí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àtàwọn tó ń lo ẹ̀rọ Firefox. Ní April 3, ọjọ́ kẹwàá, ó fipò sílẹ̀.

Ohun yòówù kí èèyàn rò nípa ìgbéyàwó, àti èrò Eich àti ìbínú àwọn tó ta kò ó, àtọkànwá ni méjèèjì: àwọn kan rí i pé owó náà lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn, wọn ò sì lè dákẹ́. Ohun tí mo ń tẹ̀ mọ́ ni pé kò dáwó lórúkọ Mozilla. Fọ́ọ̀mù ló so ó mọ́ Mozilla. Òun sì jẹ́ ọ̀gá àgbà, ó ní orúkọ, ó ní ibòmíràn tó lè lọ. Akọ̀wé tó ń gba owó oṣù dé oṣù ńkọ́? Ní California, òfin kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ darí òṣèlú òṣìṣẹ́ rẹ̀ tàbí kó fi ìyẹn halẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ aládàáni. Ìjọba tó bá ní kí òṣìṣẹ́ kọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ayé rí i, dandan ló yẹ kó jẹ́ fún un láti dáàbò bò ó níbi iṣẹ́ náà. Ìdajì òfin ni wọ́n ṣe.

Ó ku ti PAC, tó ń rú ọ̀pọ̀ lójú. Òfin gba iléeṣẹ́ láyè láti dá àpò kan sílẹ̀, kó sọ ọ́ lórúkọ ara rẹ̀, kó sì san owó ọ́fíìsì rẹ̀, àmọ́ owó tó ń wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá láti ọwọ́ àwọn onípìn-ín àti òṣìṣẹ́, àwọn alábòójútó ní pàtàkì. Ẹnì kan kò lè fi ju 5,000 dọ́là sí i lọ́dún. Wọ́n lè máa yọ ọ́ lára owó oṣù bí owó àjọ, bí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí i. Èèwọ̀ ni láti fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ ẹni tí kò bá dá a. Nítorí náà, kódà nígbà tí ìròyìn bá sọ pé PAC Google tàbí ti Microsoft fún ẹnì kan lówó, àpò àwọn òṣìṣẹ́ ló ti jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀gá ló yan ẹni tó gbà á.

Nílé, òdì kejì ni. Òfin iléeṣẹ́ wa, CAMA ọdún 2020, ní abala 43, sọ pé iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi owó tàbí dúkìá rẹ̀ ta ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́rẹ. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 wá sọ pé ẹnì kan tàbí àjọ kan kò gbọdọ̀ fún olùdíje ju 50 mílíọ̀nù náírà lọ. Bí àjọ yẹn bá lè jẹ́ iléeṣẹ́, òfin méjèèjì kò wo ojú ara wọn. Nígbà tí APC ń ta fọ́ọ̀mù ààrẹ ní 100 mílíọ̀nù náírà lọ́dún 2022, tí PDP ń ta tiẹ̀ ní 40 mílíọ̀nù, a gbọ́ pé àwọn alátìlẹyìn ló ra á fún àwọn kan. Àwọn wo? Níbo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́? Kò sí ojú ewé kankan tí ọmọ Nàìjíríà lè ṣí lórí fóònù rẹ̀ tó máa fi hàn án. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n rí nínú ìwé. Ìwé náà gan-an ni àwa kò ní.

Mo pe àbúrò mi padà. Mo ní kó kọ orúkọ ọsibítù síbẹ̀, kó kọ "nọ́ọ̀sì", nítorí òtítọ́ ni méjèèjì. Mo ní kó wo àwọn àpótí kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ kó tó fi àmì sí wọn: pé ó jẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹni tó ní káàdì ìgbélùú, òun sì ní in, pé owó ara rẹ̀ ni, pé ẹnikẹ́ni kò fún un lówó náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní dá a padà fún un.

Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, 25 nínú rẹ̀ ni tèmi. Bọ̀dá ọkọ mi ló fún mi ní 25 yòókù. Wọ́n ní kí n bá àwọn fi kún un, nítorí orí físà iṣẹ́ ni àwọn ṣì wà."

Mo ní kó pa 50 yẹn rẹ́. Ó kọ 25, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé 25 yòókù sọ̀kalẹ̀ lọ fún Bọ̀dá nínú yàrá wọn.